ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ, ÀGỌ́ ÀTI ÀPÒ KAN: OHUN TÍ Ẹ Ó BÁ PÀDÉ LÓRÍ ÌRÌN ÀJÒ WA

Láti ìgbà tí a ti kéde ní ìpàdé oṣù tó kọjá pé ẹgbẹ́ yóò tún kó ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí Kútọnu, Lomé àti Ákrà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ìbéèrè kò jẹ́ kí àwa ìgbìmọ̀ sinmi. Àwọn kan ń bi wá pé hòtẹ́ẹ̀lì wo ni a ó máa sùn. Àwọn kan ní ṣé ọkọ̀ náà ní ẹ̀rọ tó ń mú ara tutù. Ìyá kan tiẹ̀ ti ra gèlè mẹ́ta sílẹ̀ nítorí fọ́tò. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n a rí i pé bí a kò bá la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ nísinsìnyí, ojú ọ̀nà ni ìjà yóò ti bẹ́ sílẹ̀, bó ṣe bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí kí ẹ tó san owó yín.

IRÚ ÌRÌN ÀJÒ WO NI?

Ohun tí a fẹ́ ṣe kì í ṣe tuntun. Àwọn àgbà inú wa rántí bọ̀ọ̀lẹ́kájà dáadáa, ìyẹn lọ́rí Bedford tí wọ́n kan pákó sí lára, tí ènìyàn àti kòkó jọ ń wọ̀. Lọ́rí Bedford kan náà, èyí tí àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lò tì, ni àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó máa ń wọ̀ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù láàárín ọdún 1970 sí 1980, tí wọ́n fi ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Kánò, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń bá a lọ títí dé Nàìróbì. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló máa ń wà nínú ọkọ̀ kan. Àgọ́ ni wọ́n ń sùn. Àwọn fúnra wọn ló ń dáná. Wọ́n ń dá owó oúnjẹ jọ sínú àpò kan. Bí ọkọ̀ bá sì rì sínú yanrìn, kò sí ọ̀gá kò sí ọmọọṣẹ́, gbogbo wọn ni yóò sọ̀ kalẹ̀ tí wọn yóò mú ṣọ́bìrì.

Ètò tiwọn yìí ni a yá lò. Ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ ni wọ́n fi ṣe, ọjà ni àwa ń fi ṣe. Bí ogún ènìyàn bá sun hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́wàá, èrè tí wọ́n ń wá lọ ti parí sórí ibùsùn nìyẹn. Àti pé ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ń fi etí ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìsinmi, kó má bá wa lọ. Iṣẹ́ ni.

Ọ̀NÀ NÁÀ

Láti Èkó sí Kútọnu tó nǹkan bí 120 kìlómítà. Láti Kútọnu sí Lomé tó 150. Láti Lomé sí Ákrà kò jìnnà sí 200. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò tó ìrìn Èkó sí Àbújá. Ṣé ẹ wá rí i? Kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ń jẹ ọjọ́, ẹnubodè ni. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Sẹ̀mẹ̀ láàárín àwa àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ (tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Dàhòmì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1975 ni wọ́n ti yí orúkọ náà padà), Hilla-Condji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti Aflao láàárín Tógò àti Gánà. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, ìjọba méjì ni yóò yẹ ìwé yín wò. Ọkọ̀ tó bá kó ènìyàn àti ẹrù pọ̀ lè dúró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi í sọ́kàn pé ọjọ́ ẹnubodè kì í ṣe ọjọ́ ìrìn. Ẹ mú sùúrù, omi àti ohun tí ẹ ó jẹ dání.

Ẹnubodè sì lè tì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba tiwa ti ibodè orí ilẹ̀ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹrù àwọn ènìyàn bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ìgbìmọ̀ lè dá ọkọ̀ padà láti ibi tó bá dé. Ẹni tó bá bá wa lọ ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà. Aago ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti tiwa dọ́gba, ṣùgbọ́n Tógò àti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, a dá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pé kí gbogbo wa pàdé nídìí ọkọ̀ ní Kútọnu. Àwọn ìyá méjì dé ní aago márùn-ún, aago ọwọ́ wọn sì ń sọ pé mẹ́rin géérégé. Aago Lomé ni wọ́n ṣì ń wò. Ilẹ̀ ṣú bá wa ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí ìjókòó ni a ti sùn mọ́jú.

ÌWÉ

Bí ẹ kò bá ka ibòmíràn, ẹ ka ibí yìí. Ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ mú wá nìyí:

1. Páásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Òfin ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà, kí a sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé kí ènìyàn máa rìn lọ́wọ́ òfo. Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé yín nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde.

2. Káàdì yẹ́lò, ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti oṣù Keje ọdún 2016, ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan, káàdì rẹ̀ ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: káàdì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbà á ní àná ọjọ́ ìrìn ti pẹ́ jù.

3. Fọ́tò pélébé mẹ́rin, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyí, tí akọ̀wé yóò tọ́jú sọ́tọ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, ọmọ ẹgbẹ́ kan ra káàdì yẹ́lò ní gáréèjì, kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹnubodè kejì, wọ́n rí i pé ayédèrú ni. Wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ dúró fún wákàtí méje. Ẹja tí àwọn kan rà sílẹ̀ ti ń rùn. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà níláti padà, a sì yọ owó ọkọ̀ fún un nínú àpò tí gbogbo wa dá jọ. Ó sunkún, àwọn mìíràn nínú wa sì sunkún pẹ̀lú, nítorí ó ti kó owó ọdún kan jọ fún ọjà yẹn. Èyí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn, ìgbìmọ̀ yóò yẹ ìwé gbogbo ènìyàn wò níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé, a ó dá owó rẹ̀ padà fún un, kò sì ní bá wa lọ, ì báà jẹ́ alága.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìwé kò já mọ́ nǹkan, kó bi àwọn òbí wa tí wọ́n ti Gánà dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti ibòmíràn tí wọ́n ti ṣòwò níbẹ̀ fún ogójì ọdún fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè ọjà sílẹ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà ṣe é fún wọn, ibẹ̀ ni àpò tí a ń pè ní Gánà-mọ́sì-gò ti gba orúkọ. Àlejò ni ẹni tó wà nílẹ̀ onílẹ̀, ìwé ló ń jà fún un.

Ní ti ọkọ̀, ẹgbẹ́ ni yóò ṣètò ìwé rẹ̀, pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ ti ECOWAS, ìyẹn ìwé ìdáàbòbò ọkọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982. Bí ọkọ̀ wa bá kọ lu ènìyàn ní Tógò, káàdì yìí ni wọn yóò béèrè.

INÚ ỌKỌ̀

Ìjókòó inú ọkọ̀ jẹ́ bẹ́ǹṣì gígùn méjì tó kọjú síra, pẹ̀lú tìmùtìmù. Abẹ́ rẹ̀ ni àpótí wà tí a ó ti kọ́kọ́rọ́ sí. Orí ọkọ̀ ní tapólì. Atẹ́gùn pọ̀, erukú náà sì pọ̀. Ẹrù ara ẹni kò gbọdọ̀ ju báàgì kan lọ, kó jẹ́ báàgì rírọ̀, kì í ṣe àpótí onírin. Aṣọ méjì tàbí mẹ́ta tó, ṣùgbọ́n ẹ mú súwẹ́tà, nítorí òru etíkun tutù nígbà ọyẹ́.

Ìjókòó iwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, gbogbo ènìyàn ló ń jà sí i. A ti pinnu báyìí: àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni yóò kọ́kọ́ máa jókòó níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó máa yí i ká ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí ọkọ̀ máa ń bì ní èébì, kó sọ fún wa ṣáájú.

Dírẹ́bà ni ọ̀gá ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un pé kó sáré, kò sì ní wakọ̀ lálẹ́. Ibí yìí ni àwa ìgbìmọ̀ ti jẹ̀bi nígbà àkọ́kọ́, a sì gbọdọ̀ jẹ́wọ́. Nítorí pé owó rẹ̀ dínkù, a gba ọkọ̀ tí a kò gbé lọ fún mẹkáníìkì wò. Sípíríìngì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ ní ọ̀nà Sogakope, kí a tó dé afárá odò Fóltà. Òru méjì ni a fi sùn síbẹ̀. Owó tí a rò pé a fi pamọ́, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni a san. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹkáníìkì ti yẹ ọkọ̀ wò, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Táyà àfipamọ́ méjì, jáàkì, okùn ìfaọkọ̀ àti ṣọ́bìrì méjì wà nínú rẹ̀.

IBÙDÓ

A kì í kàn dúró sínú igbó pa àgọ́. Ibi tó ní ọgbà ni a ń wá: ọgbà ilé ìwé, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí ibi tí wọ́n ń gba owó pa àgọ́ létí òkun, bí irú èyí tó wà ní Grand-Popo. A gbọdọ̀ dé ibẹ̀ kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí a lọ kí olórí àdúgbò, kí a tó já ẹrù. Ẹni tó kí ilé ni ilé ń gbà.

Ènìyàn méjì-méjì ni yóò sun àgọ́ kan, obìnrin pẹ̀lú obìnrin, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, àfi tọkọtaya. Ilẹ̀ gíga ni kí ẹ pa á sí. Ẹ má pa á sábẹ́ igi àgbọn: èso rẹ̀ kì í kí ènìyàn kó tó já. A yan oṣù Kejì nítorí òjò etíkun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n òjò kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré yí àgọ́ yín ká.

Ohun mẹ́ta ni a kà léèwọ̀. Èkíní: ẹ má gbé ìkòkò èédú tàbí sítóòfù wọ inú àgọ́ nítorí òtútù. Èéfín èédú tí a kò rí ń pa ènìyàn lójú oorun. Èkejì: ẹ má wọ inú òkun. Ìgbì etíkun Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀, ẹni tó mọ odò lúwẹ̀ẹ́ kò lè fi ìyẹn tó o. Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ káàkiri. Bí kò bá sí ṣáláńgá, a ó gbẹ́ kòtò, yóò jìnnà tó 100 ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí omi wà, a ó sì bò ó mọ́lẹ̀ kí a tó lọ.

IṢẸ́, OÚNJẸ ÀTI ÌLERA

A ó pín ogún ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́rin, márùn-ún-márùn-ún. Bí ìpín kan bá ń dáná, èkejì ń pọn omi, ẹ̀kẹta ń pa àgọ́, ẹ̀kẹrin ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru. Lọ́jọ́ kejì a ó yí i. Ọkùnrin yóò dáná, obìnrin yóò ṣọ́de. Bàbá kan bú wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé òun kò fi ọwọ́ kan ìkòkò láti ọjọ́ tí òun ti gbéyàwó. Kó tó di ọjọ́ kẹfà, òun ni gbogbo wa ń bẹ̀ pé kó wá yan ẹja.

Gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, epo àti ata gígún ni a ó gbé láti ilé. A ó máa ra ẹja àti ewébẹ̀ lọ́nà. Ní ti omi, ẹ ka lítà márùn-ún fún ènìyàn kan lóòjọ́ fún mímu àti oúnjẹ. Ogún ènìyàn, ọgọ́rùn-ún lítà: kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ti lítà 25 nìyẹn. Omi ìwẹ̀ yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ ẹsẹ̀ nínú omi kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ̀fọn tó ń fa ibà, òru ló ń jẹ ènìyàn, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì di dandan. Bí inú bá ń ṣu ẹnikẹ́ni, kó má tijú. Ẹ pò ó báyìí: lítà kan omi tí a ti sè, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí dọ́gba, kó má ṣe gọnpa. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá dẹwọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó mú oògùn tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, kó dúró de ìgbà mìíràn.

OWÓ

Owó méjì ni ẹ ó san. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀. Èkejì ni ti àpò gbogbogbòò: oúnjẹ, ibùdó, epo ìdáná àti ìṣòro ojú ọ̀nà. Akápò ni yóò mú àpò náà, ọmọ ẹgbẹ́ méjì yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí, a ó sì máa ka ìwé ìnáwó sí gbogbo ènìyàn létí ní alaalẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Arákùnrin kan ní òun kì í jẹun alẹ́, nítorí náà òun kò ní san tó bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ti wọ inú àpò. Bí owó bá ṣẹ́kù, a ó pín in dọ́gba.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná owó sẹ́fà, Gánà ń ná sídì. Iye sẹ́fà kì í ṣí kúrò lára yúró: 655.957 sẹ́fà ni yúró kan. Náírà ni ó máa ń lọ sókè sódò sí i, nítorí náà ẹ bi iye rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a ó gbéra, ẹ má gbẹ́kẹ̀lé ti oṣù tó kọjá. Akápò ni yóò pààrọ̀ ti àpò. Ní ti owó ọjà yín, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin tó bá sáré tọ ọkọ̀ wá ní ibodè.

ỌJÀ

Òfin ECOWAS ní ohun ọ̀gbìn àti iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ san owó ibodè láàárín àwọn ilẹ̀ tó wà nínú àjọ náà. Àdìrẹ yín wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ilé iṣẹ́ jáde nílò ìwé tó fi hàn pé ibí ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bi aṣọ́bodè léèrè kí ẹ tó rà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán. Ó ti pẹ́ tí òfin tiwa ti ka òkìrìkà mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé. Ẹni tó bá rà á, ẹrù rẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò dá dúró, ti ogún ènìyàn ni.

Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn ìyálọ́jà Lomé tí wọ́n ń pè ní Nana Benz nítorí mọ́tò tí aṣọ títà fi rà fún wọn. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí méjì, owó aṣọ òyìnbó sì di ìlọ́po méjì lọ́wọ́ wọn lóòjọ́. Lẹ́yìn náà ni aṣọ Ṣáínà tó rọjú wọ ọjà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo aṣọ tí wọ́n kọ Holland sí létí ló ti Holland wá. Ẹ fọwọ́ pa á, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú ọjà yá yín jù.

Ẹ má bá àjèjì gbé ẹrù kọjá ibodè, ì báà ṣe ìyá arúgbó, ì báà sọ èdè Yorùbá dáadáa. A ó pàdé àwọn tó ń sọ ọ́ ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu, inú wa yóò sì dùn. Ẹ kí wọn, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ má gba àpò lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Àwọn kan ti kọ̀wé pé kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó láti fi bá wa lọ. Ìgbìmọ̀ jíròrò rẹ̀ fún alẹ́ méjì, a sì pinnu pé a kò ní yá ẹnikẹ́ni ní owó ọkọ̀ tàbí ti àpò. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wà fún ọjà tí ẹ ó tà. Owó ìrìn ti run kí a tó padà dé, ẹni tí ọjà kò bá sì bọ́ sí lọ́wọ́ yóò jẹ gbèsè, àwọn onídùúró rẹ̀ yóò sì san án. A mọ̀ pé èyí dun àwọn kan. Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ láti ìsinsìnyí, akọ̀wé yóò ṣí ojú ìwé kan fún un.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tó dára kí a tó dákẹ́. Ní òru kejì tí ọkọ̀ fi bàjẹ́ ní ọ̀nà Sogakope, àwọn méjì tí wọn kò kí ara wọn fún ọdún mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni iṣẹ́ ọdẹ já sí papọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá wọn níbi tí wọ́n ti jọ ń mu kókó nínú kọ́ọ̀bù kan. Lónìí, wọ́n jọ ń ra ọjà ni. Ìrìn àjò burúkú kan ló ṣe èyí, ìpàdé ọgbọ̀n kò ṣe é.

Ẹni tó bá ti ka ìwé yìí dé ìparí tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fẹ́ lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ní ìpàdé tó ń bọ̀, kó mú páásípọ́ọ̀tù àti káàdì rẹ̀ dání. Ọkọ̀ á refo, kò ní rejò. Ire o.